i3 lórí Linux: kí fèrèsé má bo fèrèsé mọ́lẹ̀

Ẹni tó bá ṣí browser, terminal méjì àti ìwé PDF kan lẹ́ẹ̀kan náà mọ bó ṣe ń rí. Fèrèsé kan a gun òmíràn lórí. A ó wá máa fi máòsì wọ́ wọn kiri, a ó fa etí èyí, a ó ti tọ̀hún sẹ́yìn, a ó tẹ Alt+Tab lẹ́ẹ̀mẹta kí èyí tí à ń wá tó yọjú. i3, ètò tó ń to fèrèsé lórí Linux (window manager ni wọ́n ń pè é), gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹni. Fèrèsé àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣí yóò gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí èkejì, yóò pín ààyè náà sí méjì ọgbọọgba. Ẹ ṣí ìkẹta, yóò tún un pín. Ẹ ti ọ̀kan pa, àwọn tó kù yóò fẹ̀ dí ààyè rẹ̀. Orí kíbọ́ọ̀dù ni ẹ ti ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Michael Stapelberg ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009, orí X11, ètò àtijọ́ tí Linux fi ń gbé fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà, ló sì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni. Nínú àwọn window manager irú rẹ̀, òun ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń bọ̀ láti desktop bíi GNOME tàbí KDE kọ́kọ́ dán wò, nítorí pé inú fáìlì kan ṣoṣo ni ètò rẹ̀ wà, èdè inú fáìlì náà ṣeé kà, ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀ sì kún dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kí ẹ gbọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án: fèrèsé nìkan ni i3 ń bójú tó. Wi-Fi, ohùn, ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, àpótí tó ń béèrè páswọ́ọ̀dù, títi ojú kọ̀ǹpútà pa nígbà tí ẹ bá dé e, gbogbo ohun tí GNOME ń ṣe lábẹ́lẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin lẹ ó fi ọwọ́ ara yín tò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn, kì í ṣe lórí bọ́tìnnì tí wọ́n ní láti há sórí.

Gbígbé e wọlé

Ẹ má yọ desktop tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ kúrò. i3 a máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìsí ìjà, bí nǹkan kan bá sì dàrú, ẹ ó rí ibi tí ẹ ó padà sí. Lórí Debian àti Ubuntu:

sudo apt install i3

Lórí Fedora:

sudo dnf install i3 i3status i3lock dmenu

Lórí Arch:

sudo pacman -S i3-wm i3status i3lock dmenu

Bí ó bá jẹ́ Arch tuntun tí kò tíì ní desktop kankan lórí ni, ẹ fi terminal kan kún un, bíi xterm tàbí alacritty. Láìsí i, ẹ ó wọlé, ẹ ó tẹ bọ́tìnnì terminal, terminal kankan kò sì ní yọjú, nítorí i3 kò rí èyí tó lè ṣí.

Ẹ jáde kúrò nínú desktop yín. Ní ibi ìwọlé, ẹ yan orúkọ yín, kí ẹ wá àmì tí a fi ń yan desktop. Ti GDM, ojú ìwọlé GNOME, rí bí eyín ẹ̀rọ, ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ló wà, kì í sì í yọjú títí ẹ ó fi tẹ orúkọ yín. Ẹ yan i3, kí ẹ wọlé.

Ohun méjì ni yóò bi yín ní ìgbà àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́, ṣé kí ó kọ fáìlì config fún yín? Ẹ tẹ Enter. Èkejì, bọ́tìnnì wo ni yóò jẹ́ Mod, èyí tí ẹ ó máa tẹ̀ mọ́ gbogbo àṣẹ, ṣé Win ni tàbí Alt? Ẹ mú Win. Alt ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú áàpù mìíràn: Alt+D ni ọ̀pọ̀ browser fi ń lọ sí ibi àdírẹ́sì, Alt pẹ̀lú àmì ìdánudúró ni bash fi ń mú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àṣẹ tó kọjá padà wá. Tí i3 bá gba Alt, àwọn wọ̀nyí ni ẹ ó máa pàdánù.

Lẹ́yìn náà, ojú kọ̀ǹpútà yóò dúdú, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò wà nísàlẹ̀. Kò bàjẹ́ o, bó ṣe rí nìyẹn. Mod+Enter ń ṣí terminal. Mod+d ń mú dmenu, ibi tí a ti ń wá áàpù, jáde lókè, ẹ tẹ lẹ́tà díẹ̀ nínú orúkọ áàpù, kí ẹ tẹ Enter. Mod+Shift+q ń ti fèrèsé pa. Mod pẹ̀lú àwọn ọfà ń mú yín lọ láti fèrèsé kan sí òmíràn. Ẹ fi Shift kún un, fèrèsé náà fúnra rẹ̀ ni yóò ṣí kúrò. Mod+1 dé Mod+0 jẹ́ ojú iṣẹ́ mẹ́wàá. Mod+Shift+3 yóò gbé fèrèsé tí ẹ wà nínú rẹ̀ lọ sí ojú iṣẹ́ kẹta. Mod+f ń fẹ fèrèsé kan kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣọ́ Mod+Shift+e, òun ló ń pa gbogbo rẹ̀ tì. Yóò kọ́kọ́ bi yín lókè bóyá ó dá yín lójú.

Ó tó fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Àpótí nínú àpótí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka abala yìí, nítorí ibi tí i3 ti yàtọ̀ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyí. dwm àti xmonad, window manager mìíràn, ní ètò tí wọ́n fi ń to fèrèsé fúnra wọn: ńlá kan lápá òsì, àwọn kéékèèké lápá ọ̀tún. i3 kì í yan fún yín. Inú àpótí ni ó ń to fèrèsé sí, àpótí kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń tò wọ́n, àpótí sì lè wà nínú àpótí. Fèrèsé tuntun a máa bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀, nínú àpótí kan náà.

Ìdí nìyí tí ẹni tuntun fi ń ṣí fèrèsé márùn-ún tí gbogbo wọn sì ń tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìṣáná, tí yóò wá ní i3 kò dára. Àpótí tó wà níbẹ̀ ń tò wọ́n láti òsì sí ọ̀tún ni, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé kó ṣe òmíràn. Kí ẹ tó ṣí fèrèsé tó kàn, ẹ tẹ Mod+v: èyí tó ń bọ̀ yóò bọ́ sí abẹ́ èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀. Mod+h ni ti ẹ̀gbẹ́. Ẹ wo etí fèrèsé náà dáadáa, ẹ ó rí i pé apá kan rẹ̀ ní àwọ̀ tó yàtọ̀. Apá yẹn ni fèrèsé tuntun yóò ti yọ. Ẹni tó bá mọ àmì kékeré yìí kò ní máa méfò mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tò ó papọ̀. Ẹ ṣí ibi tí ẹ ń kọ̀wé sí. Ẹ tẹ Mod+Enter, terminal bọ́ sápá ọ̀tún. Ẹ wà nínú terminal yẹn, ẹ tẹ Mod+v, kí ẹ tún tẹ Mod+Enter: terminal kejì bọ́ sábẹ́ àkọ́kọ́. Ní báyìí, àpótí kékeré kan wà lápá ọ̀tún tó gbé terminal méjì. Ẹ tẹ Mod+w, àwọn méjèèjì di táàbù, ọ̀kan ni ẹ ó máa rí lẹ́ẹ̀kan, ibi ìkọ̀wé yín sì wà lápá òsì láìyí padà. Mod+s ń ṣe irú rẹ̀, àmọ́ orúkọ àwọn fèrèsé ni yóò tò sórí ara wọn. Mod+e ń dá wọn padà sí bí wọ́n ṣe pín tẹ́lẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí: Mod+w ń ṣiṣẹ́ lórí àpótí tó gbé fèrèsé tí ẹ wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ wà ní ibi ìkọ̀wé, àpótí ńlá ni yóò di táàbù, àwọn terminal méjèèjì yóò wọ abẹ́ táàbù kan, yóò sì dà bíi pé wọ́n ti sọnù. Wọn kò sọnù. Mod+e yóò mú wọn padà.

Mod+a ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ó wúlò gan-an. Ó ń gbé yín kúrò lórí fèrèsé lọ sórí àpótí tó gbé e. Ẹ tẹ̀ ẹ́ nínú ọ̀kan nínú àwọn terminal náà, kí ẹ wá tẹ Mod+Shift+3: àwọn méjèèjì yóò jọ lọ sí ojú iṣẹ́ kẹta bí wọ́n ṣe wà.

Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ iṣẹ́, àpótí máa ń pọ̀ nínú àpótí, ẹ ó sì rí i pé fèrèsé kan ń béèrè pé kí ẹ tẹ Mod+Shift+ọfà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó dé ibi tí ẹ fẹ́. Inú àpótí kan ló ń jáde bọ́ sí òmíràn. Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ gbé e lọ sí ojú iṣẹ́ tó ṣófo, kí ẹ tún un tò níbẹ̀. Lórí ojú kọ̀ǹpútà 1366×768, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má pín in ju méjì lọ. Ẹ fi táàbù àti ojú iṣẹ́ ṣe ìyókù.

Mod+r ni ti fífẹ̀ àti dídín fèrèsé, pẹ̀lú àwọn ọfà. Ẹ rántí tẹ Enter tàbí Escape tí ẹ bá parí. Tí ẹ bá gbàgbé, ọ̀pọ̀ àṣẹ Mod kò ní dá yín lóhùn, ẹ ó sì rò pé i3 ti dì. Ọ̀rọ̀ náà "resize" tó wà lórí ìlà ìsàlẹ̀ ni yóò tú àṣírí.

Àwọn fèrèsé kan kò yẹ kí wọ́n pín ààyè pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, bí fídíò kékeré. Mod+Shift+Space ń mú kí fèrèsé léfòó lórí àwọn yòókù; ẹ di Mod mú, kí ẹ fi máòsì wọ́ ọ síbi tó wù yín. Tí ẹ bá fẹ́ kí ó máa léfòó nígbàkigbà, ẹ tẹ xprop ní terminal, ẹ tẹ fèrèsé náà, ẹ wo ìlà WM_CLASS. Ọ̀rọ̀ kejì níbẹ̀ ni ẹ ó kọ sínú config:

for_window [class="^mpv$"] floating enable

Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kì í ṣe ọ̀kan náà níbí. Bí xprop bá ṣe kọ ọ́ ni kí ẹ kọ ọ́.

Àwọn ohun tó ṣẹ́ kù

~/.config/i3/config ni fáìlì náà wà. Mod+Shift+c ń tún un kà. Mod+Shift+r ń tún i3 bẹ̀rẹ̀ láì ti fèrèsé kankan pa. Kí ẹ tó tẹ èyíkéyìí, ẹ tẹ i3 -C ní terminal, yóò sọ ìlà tí àṣìṣe wà. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú exec, ìgbà tí ẹ bá wọlé nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Exec_always ń tún ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá tẹ Mod+Shift+r. Ọ̀pọ̀ ń fi exec kọ nǹkan, wọ́n á tún config kà, wọ́n á ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ tún máa fi --no-startup-id tẹ̀lé exec fún áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Láìsí i, àmì máòsì yóò máa yí bí aago fún 60 ìṣẹ́jú àáyá.

Èyí tó ń da ènìyàn láàmú jù ni polkit, ètò tó ń pinnu bóyá kí áàpù gba àṣẹ root. Ẹ ṣí áàpù tó nílò àṣẹ root, bí èyí tí a fi ń pín díìsìkì, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀: kò sí àpótí páswọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ àṣìṣe. Ìdí ni pé GNOME àti KDE ní aṣojú polkit tiwọn, i3 kò ní. Ẹ gbé lxpolkit wọlé, kí ẹ fi èyí sínú config:

exec --no-startup-id lxpolkit

Bọ́tìnnì ohùn ti wà nínú config láti ìbẹ̀rẹ̀, pactl ni wọ́n ń pè. Bí ètò ohùn yín bá jẹ́ PipeWire, ẹ nílò pipewire-pulse, ẹ sì rí i pé pactl fúnra rẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà. Inú pulseaudio-utils ló wà lórí Debian. Bọ́tìnnì ìmọ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ gbé brightnessctl wọlé:

bindsym XF86MonBrightnessUp exec --no-startup-id brightnessctl set 5%+
bindsym XF86MonBrightnessDown exec --no-startup-id brightnessctl set 5%-

Bí ó bá ní ẹ kò láṣẹ, ẹ fi ara yín sínú ẹgbẹ́ video pẹ̀lú sudo usermod -aG video $USER, kí ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì kan tí kò dáhùn, xev yóò sọ orúkọ tí kọ̀ǹpútà fún un.

nm-applet ti wà nínú config fún Wi-Fi, àmọ́ config kì í gbé e wọlé fún yín. network-manager-gnome ni orúkọ rẹ̀ lórí Debian àti Ubuntu, network-manager-applet lórí Arch. Kí ẹ tó rí i, nmtui ní terminal tó.

Títi ojú kọ̀ǹpútà pa ṣe pàtàkì jù láti fojú fo. Config náà ní ìlà kan tó ń pe xss-lock pẹ̀lú i3lock. Tí xss-lock kò bá sí lórí kọ̀ǹpútà, ìlà yẹn yóò kùnà láìsọ̀rọ̀; ẹ ó dé kọ̀ǹpútà alágbèéká yín, ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn yín yóò bá gbogbo iṣẹ́ yín níta. Ẹ dán an wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Tí i3lock bá dé, ojú kọ̀ǹpútà yóò funfun láìsí àyè tí a ń kọ páswọ́ọ̀dù sí. Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ lọ, òbìrìkìtì kan yóò yọ láti fi hàn pé ó ń gbọ́.

Tí ẹ bá so ojú kọ̀ǹpútà kejì mọ́ ọn, i3 kò ní tàn án fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ xrandr láti mọ orúkọ wọn, lẹ́yìn náà:

xrandr --output HDMI-1 --auto --right-of eDP-1

arandr ń ṣe ohun kan náà pẹ̀lú àwòrán. Tí ọ̀rọ̀ bá kéré jù lójú, ẹ kọ Xft.dpi: 144 sínú ~/.Xresources. Tí fídíò bá ń fàya lágbedeméjì, picom ló sábà máa ń wò ó sàn. dunst ni ti ìfitónilétí, feh ni ti àwòrán ẹ̀yìn. Ti ẹwà ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn: àlàfo láàárín fèrèsé ti wọ inú i3 fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yà 4.22 ní 2023, ìlà gaps inner 8 ti tó, ẹ kò nílò i3-gaps mọ́.

Sway ńkọ́?

Sway jẹ́ i3 fún Wayland, ètò tuntun tó ń rọ́pò X11. Ẹ̀yà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2019, èdè config wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan, débi pé ẹ lè da fáìlì i3 yín kọ sí ~/.config/sway/config kí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òun ni mo gbà níyànjú tí ẹ bá ní ojú kọ̀ǹpútà méjì tí bí píksẹ́lì wọn ṣe sún mọ́ra tó kò dọ́gba, nítorí X11 kò mọ ọ̀nà tí ó fi lè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ dáadáa. Nínú Sway, ìlà output kan pẹ̀lú scale ti yanjú rẹ̀. Fídíò kì í sì í fàya níbẹ̀.

Ohun tó ń bàjẹ́ láìpariwo ni àwọn òfin for_window. Áàpù tó jẹ́ ti Wayland gan-an kò ní class, app_id ló ní. Class wà fún àwọn tó gba XWayland, afárá áàpù X11 sórí Wayland, kọjá nìkan. Ẹ tẹ swaymsg -t get_tree láti rí orúkọ wọn. xrandr, xss-lock, i3lock àti xclip kò wúlò níbẹ̀ mọ́: output, swayidle, swaylock àti wl-copy ló gba ipò wọn, grim àti slurp ló ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ lè fi ojú kọ̀ǹpútà han àwọn ènìyàn nínú ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ nílò PipeWire àti xdg-desktop-portal-wlr. Áàpù Java kan lè ṣí kí ó jẹ́ eérú lásán; _JAVA_AWT_WM_NONREPARENTING=1 ni oògùn rẹ̀. Tí káàdì àwòrán yín bá jẹ́ NVIDIA pẹ̀lú dráfà tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe, àwọn tó ń ṣe Sway kò ṣe ìdúró fún un: --unsupported-gpu ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní irú ipò bẹ́ẹ̀, ẹ dúró sórí i3.

Àwọn tó kù, ní ṣókí. dwm kéré, ó yá, àmọ́ inú kóòdù C ni ètò rẹ̀ wà, ẹ ó tún un kọ́ nígbàkigbà tí ẹ bá yí nǹkan padà. xmonad ń béèrè Haskell, awesome ń béèrè Lua. bspwm dára, sxhkd ni ẹ ó fi máa darí bọ́tìnnì rẹ̀.

Ta ni i3 yẹ? Ẹni tó ń kọ kóòdù, ẹni tó ń darí kọ̀ǹpútà ọlọ́nà jíjìn, ẹni tó ń túmọ̀ èdè pẹ̀lú ìwé méjì tó gbọ́dọ̀ máa wà lójú pa pọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣàtúnṣe fọ́tò tàbí tó ń ya àwòrán ilé, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò lórí máòsì, kò ní rí èrè púpọ̀. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń lo kọ̀ǹpútà kan náà, ẹ jẹ́ kí desktop àtijọ́ wà fún wọn.

Tí ẹ bá ti tò ó tán, ẹ fi # bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ nínú config, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ohun tí ẹ gbé wọlé síbẹ̀: lxpolkit, brightnessctl, xss-lock, picom, dunst, feh, arandr. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ~/.config/i3 sínú git. Lórí kọ̀ǹpútà tó kàn, àwọn orúkọ inú ìlà yẹn ni ẹ ó dà kọ tẹ̀lé apt install, ẹ ó fa fáìlì náà wá, ẹ ó sì yí àwọn orúkọ bíi eDP-1 padà sí ohun tí xrandr bá sọ níbẹ̀.